Ilé Ìtajà Tó Gbé Ìkíni Ìyá Mi Mì

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti àárín ìlú Atakpamé, tí ẹ fẹ́ wá kí mi ní Agbonou, ẹ má wulẹ̀ béèrè ilé mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé ariwo. Níbi tí ẹ ò bá ti gbọ́ ohun tí ọlọ́kadà tó gbé yín ń sọ mọ́, tí òun náà ò gbọ́ tiyín, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan sì ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá yín, tó ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ sọnù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti dé.

Mo ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ ilé ìtajà tó wà lẹ́yìn ilé wa lójú, kò sì tíì rọ̀.

Nígbà tí ilé ìtajà náà kọ́kọ́ dé, a ò bá a jà. Ojú títì ọlọ́dà ló kọjú sí, ẹ̀yìn ló kọ sí wa, ilẹ̀ gbalasa kan sì wà láàárín wa. A máa ń ra ọṣẹ, ìrẹsì àti wàrà alágolo níbẹ̀. Èmi gan-an, tó jẹ́ pé aṣọ ni mò ń rán nínú yàrá iwájú ilé wa, ibẹ̀ ni mo máa ń sáré lọ bí òwú bá tán mọ́ mi lọ́wọ́ lójijì. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ gbalasa yẹn, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ apá kejì sí i, níbi tí wọ́n á ti máa ta fíríìjì, àga àti tẹlifíṣọ̀n, tí ibi ìjẹun á wà níbẹ̀, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí náà á sì wà.

Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ojú ìyá mi ti fọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe pé ó ń ríran fírífírí. Kò rí nǹkan kan rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a lórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé wa láàárọ̀, ẹ ò ní tètè mọ̀. Iwájú ilé wa ni ọ̀nà oko gbà kọjá. Ẹni tó ń lọ sóko á kí i, ẹni tó ń ti oko bọ̀ á kí i, nítorí láàárín àwa Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò, a kì í kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára òkúta. Ìyá mi á dá wọn lóhùn, á sì pe olúkúlùkù lórúkọ. Á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá wọn, á béèrè ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń lọ ní Agbonou. Ó máa ń mọ ẹni tí òtútù mú, ó sì máa ń mọ ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ jà kó tó jáde nílé. Ìgbà kan wà tí ọ̀dọ́bìnrin kan kí i tó sì kọjá lọ, ni ìyá mi bá sọ fún mi pé, "Ọmọ yẹn ti lóyún." Mo ní kí ló fi mọ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ ti wúwo. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, a jọ lọ jẹun ìsọmọlórúkọ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí: ìkíni ni ojú ìyá mi. Ẹni tó bá gba ìkíni lọ́wọ́ rẹ̀ ti fọ́ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó ń walẹ̀ dé, ilé wa gbọ̀n débi pé mo rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà mi mọ́ ibi tí kò yẹ. Mo jáde síta, mo káwọ́ lérí, mo ń ṣépè lábẹ́nu. Ìyá mi yí ojú sí ọ̀nà tí ariwo ti ń wá.

"Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o, Ìyá."

"Wá mú mi lọ kí wọn."

"Ìyá, àwọn wo lẹ fẹ́ kí? Àwọn tó fẹ́ dí wa létí yìí?"

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí. Ṣé èèyàn á máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ, wàá wá pa ẹnu dé bí ẹran?"

Ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ bá a jiyàn? Mo fà á lọ́wọ́, a lọ. Ó dúró létí kòtò tí wọ́n ń gbẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run á fún yín lókun. Irin ò ní ṣe yín léṣe. Ayọ̀ lẹ ó fi parí rẹ̀." Àwọn òṣìṣẹ́ náà dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń ṣe "Àmín, Ìyá, àmín!" Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni. Nígbà tí oòrùn bá mú, á ní kí n fa omi láti inú kànga wa lọ fún wọn. Ẹ wò mí o, èmi tí mò ń ṣépè, èmi náà ni mò ń ru omi.

Bí ògiri wọn ṣe ń ga ni ayé wa ń há. Wọ́n kọ́ odi sórí ọ̀nà oko, àwọn àgbẹ̀ sì ní láti máa yí po lẹ́yìn, kí wọ́n tó lè já síwájú ilé wa. Àwọn kan ò tilẹ̀ wulẹ̀ já síbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kékeré tó gba ẹnu ọ̀nà wa, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ ló mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì wá ń gbà. Eruku pupa bo aṣọ tí mo bá sá. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo ní wọ́n á gbọ́ ẹnu mi.

Àfi bí wọ́n ṣe pe ìpàdé fúnra wọn. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga oníke, wọ́n pín ohun mímu tútù. Ọ̀gá ilé ìtajà náà, ọkùnrin kan tó máa ń sọ Faransé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohun tí àwa ará àdúgbò ní í sọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sí ikùn: kí wọ́n ṣí ọ̀nà oko, kí ọkọ̀ má gba ẹnu ọ̀nà wa, kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ara ògiri wa. Mo nawọ́. Wọ́n gbé máìkì fún mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Èèyàn ò lè dìde láàárín àgbà kó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láìkí ilé. Mo kí àwọn bàbá. Mo kí àwọn ìyá. Mo kí àlejò. Mo kí ọ̀gá kú iṣẹ́, kú ìnáwó, kú làálàá. Mo dúpẹ́ fún àga tí wọ́n fún wa, mo dúpẹ́ fún omi tútù, mo ní ilé tí wọ́n ń kọ́ á tù wọ́n lára. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Faransé. Mo wá mí kanlẹ̀ kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Kí n tó mí tán, ọ̀gá ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó bá a wá pàtẹ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò wa náà pàtẹ́wọ́, nítorí wọn ò lè jẹ́ kí àlejò nìkan máa pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó ní mo ṣeun gan-an ni.

Ọ̀gá ní inú òun dùn. Ó ní òun ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bínú sí àwọn ní àdúgbò yìí. Ó ní ìyá kan wà tí kò ríran, ilé rẹ̀ ló sún mọ́ àwọn jù, àràárọ̀ ló ń wá súre fún iṣẹ́ náà, ó tún ń fún àwọn òṣìṣẹ́ lómi mu.

"Ìyá mi kí yín ni!" Mo pariwo láti ìdí àga mi. "Kò ní kí ẹ dí ọ̀nà!"

Ògbufọ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò túmọ̀ rẹ̀. Bàbá àgbà tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí lórúnkún. "Rọra, ọmọ mi. Ṣé a ti kí wọn tán ná?"

Mo délé, mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún ìyá mi. Mo ní ṣé ẹ rí i báyìí, ìkíni yín ni wọ́n fi bò wá mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ìkíni tèmi ni. Ohun tí wọ́n fi ṣe, tiwọn nìyẹn." Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní kí n mú òun lọ kí wọn.

Wọ́n parí ilé náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ara ògiri ẹ̀yìn wa gan-an. Bí iná bá ti lọ, á bú, abọ́ orí tábìlì á sì máa rìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé, ọkọ̀ akẹ́rù ń jáde. Àwọn ọlọ́kadà tò sí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ń dúró de oníbàárà, wọn ò sì pa ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin kan wá ń di máìkì mú láti àárọ̀, ó ń kéde ọjà ní Faransé, á tún un kéde ní èdè Ewé, á tún padà sí Faransé. Mo mọ ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe lórí fáànù ju bí mo ṣe mọ àdúrà mi lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń sọ aago fún ìyá mi, a ò mọ ìgbà tó ń dún mọ́.

Mo ń wo ìyá mi láti ìdí máṣíìnì mi. Ẹnì kan á kí i, ọkọ̀ á kọjá, ọkọ̀ á sì gbé ìkíni náà lọ. Ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí adìyẹ tó ń wá ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dá ọ̀dọ́bìnrin kan lóhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá." Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kì í dáhùn mọ́ àyàfi bó bá dá a lójú ẹni tó kí i, nígbà tó bá sì máa dá a lójú, onítọ̀hún ti lọ.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí ìyá mi fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ, obìnrin kan tí oko iṣu rẹ̀ wà lórí òkè lẹ́yìn wa. Ó kéré sí ìyá mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti jọ jẹ, wọ́n ti jọ mu, kò sì sí ọjọ́ tó ń lọ sóko tí kò ní dúró kí i. Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ò kí mi mọ́. Kí ni mo fi ṣe é?" Mo mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ bàtà, mo lọ bá obìnrin náà nílé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè.

"Ìyá rẹ ti di olówó," ó ní. "Ó ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì, àwa ará oko ò tó dá lóhùn mọ́. Mo kí i, mo tún un kí, ó gbójú sókè bí ẹni pé igi ló kí i."

"Kò gbọ́ ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Kò gbọ́? Ìyá rẹ? Ìyá rẹ tó máa ń gbọ́ bí iṣu ṣe ń ta lábẹ́ ilẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ, mo ṣàlàyé ọkọ̀, mo ṣàlàyé ọkùnrin tó ń di máìkì mú. Ó ní òun á wá. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ wálé, mo rí i pé mi ò lè dúró de ọjọ́ yẹn lásán. Mo yà sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìtajà náà tààrà. Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé mi ò ní kí i. Ìkíni ló kọ́kọ́ pa mí, kò ní pa mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ilẹ̀kùn biró rẹ̀, mo wọlé, mo la ẹnu láti ké. Ọ̀gá dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó fi Faransé kí mi pé, "Bọ́súù, Màdáámù. Ìyá wa ńkọ́?" Ẹnu mi dáhùn kí n tó mọ̀: a wà, a dúpẹ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ó fún mi lága. Ó fún mi lómi. Mo jókòó, mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá yá ajọ̀. Mo sọ ti ọ̀nà, mo sọ ti ẹ̀rọ, mo sọ ti ìyá mi. Ó fetí sí mi gan-an ni, ojú rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀. Ó ní òun á ṣe nǹkan sí i.

Ó sì ṣe é. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, wọ́n gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ní ọ̀kánkán ibi tí ìyá mi ń jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i, kó má bàa máa dá wà. Rédíò ni. Rédíò ńlá, ó ju orí mi lọ, wọ́n so rìbọ́nù mọ́ ọn.

Mo gbé e sókè, mo fẹ́ sọ ọ́ sínú kànga. Ìyá mi fọwọ́ pa á lára, ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tó ti pẹ́ tí mo gbọ́ kẹ́yìn. Ó ní, "Lọ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìyá, mi ò lọ."

"Ẹni tó fúnni ní nǹkan, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ."

Mo lọ. Mo dúpẹ́. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra rín in, nítorí ojú ọ̀nà ni mo ti sunkún.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi wá bó ṣe ṣèlérí. Ó gbé iṣu dání. Ó jókòó ti ìyá mi, ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá mi sì na etí sí i. Iná lọ. Ẹ̀rọ bú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún un sọ, ìyá mi mi orí pé òun ò gbọ́. Mo dá sí i, mo ní, "Ẹ pariwo, Ìyá, ẹ sún mọ́ etí wọn, kí ẹ pariwo." Obìnrin náà wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Ẹni tó jù mí lọ ni kí n máa pariwo mọ́? Ṣé ìjà la jọ ń jà ni?" Kò pariwo. Ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ń bú, ọkùnrin yẹn ń kéde fáànù. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi iṣu sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sóko.

Ìyá mi ò kúrò lórí àpótí rẹ̀. Ó pè mí, ó ní kí n mú òun lọ sí Moretan, sọ́dọ̀ àbúrò òun ọkùnrin tó ń dáko níbẹ̀.

"Ẹ fẹ́ lọ kí wọn ni?"

"Mo fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ ni."

Mo gbaná jẹ. Mo ní ilé bàbá mi nìyí. Mo ní ilé yín nìyí, ẹ ti wà níbí kí ilé ìtajà yẹn tó ní ìpìlẹ̀, àwọn ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo ní mi ò tíì bá wọn parí rẹ̀, màá lọ síbi gbogbo tó yẹ kí n lọ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kí mi," ó ní, "ilé ta ni?"

A di ẹrù rẹ̀ díẹ̀. Ó fi rédíò sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí takisí fẹ́ gbéra, ó ní kí awakọ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó yọ orí láti ojú fèrèsé, ó kí àwọn tó ń já ẹrù kú iṣẹ́. Wọn ò gbọ́.

Mi ò tètè lè lọ wò ó. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, àwọn oníbàárà ń fẹ́ aṣọ ọdún, mo sì ń lé ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko yẹn káàkiri, láti biró kan dé òmíràn, wọ́n ń ní kí n padà wá. Nígbà tí àyè yọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Moretan. Ọjọ́ ọjà wọn ló bọ́ sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò àbúrò ìyá mi.

Mo rí i láti òkèèrè. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn obìnrin ń ti ọjà bọ̀, igbá wà lórí wọn. Wọ́n ń kí i, ó ń dáhùn. Ó ti mọ orúkọ wọn. Ó béèrè ọmọ ọ̀kan tí ara rẹ̀ ò yá, ìyá ọmọ náà dúró, ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó ń ròyìn. Ojú ìyá mi tú ká, ara rẹ̀ ti padà sípò. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, nítorí mo rí i níbẹ̀ yẹn pé kò ní padà sílé mọ́.

Obìnrin náà lọ. Mo sún mọ́ ọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ kú ilé o! Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ó fò lórí àpótí. Adìyẹ tó wà lábẹ́ igi sá. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná, ọmọrogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń béèrè pé ta ló ń jà.

"Ọmọ mi," ni ìyá mi wí, "kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Mo kí yín ni."

"O ò kí mi. Ò ń pariwo mọ́ mi ni."

Mi ò mọ̀. Mo fi orí mi búra, mi ò mọ̀. Mo wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ bóyá ó máa rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ìyá mi wá ọwọ́ mi títí tó fi rí i, ó dì í mú.

"Kò sí ariwo níbí," ó ní jẹ́jẹ́. "Rọra. Tún un kí."

Omi ti dé ojú mi. Mo gbé ohùn mi wálẹ̀ tó bí mo ṣe rò pé ó yẹ, mo tún un kí.

Ó mi orí. Ó ní ohùn mi ṣì ga.